“Apá Mi Kò Ká A Mọ́”: Ọ̀rọ̀ Lórí Bárakú àti Ìjẹ́wọ́

Nínú èdè Yorùbá, a lè sọ pé ènìyàn mu ọtí yó, a sì tún lè sọ pé ọtí ń pa á. Bí a bá fi ojú gírámà wo gbólóhùn kejì yìí, ọtí ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ọtí ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni ó ń fara gbá a. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbólóhùn yìí wà pẹ̀lú ‘ebi ń pa mí’, ‘òùngbẹ ń gbẹ mí’ àti ‘oorun ń kùn mí’. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ báyìí kò ka ìwé ìṣègùn kankan, síbẹ̀ wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ohun kan wà tí ènìyàn máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sẹ́nu, tí ohun náà yóò sì ti di ọ̀gá lé e lórí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá wá di ojoojúmọ́, tí ó di ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, a ó ní ó ti di bárakú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún àìsàn tí ó ti pẹ́ lára, tí ó ti sọ ara di ilé. Kí a tó dé orí pé ìwà ẹni náà dára tàbí kò dára, èdè wa ti kọ́kọ́ pè é ní aláìsàn.

Ohun tí ó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kì í fẹ́ lo èdè yìí fún ara rẹ̀. Àwọn ará ilé ni wọ́n máa ń sọ pé ọtí ń pa lágbájá. Lágbájá fúnra rẹ̀ yóò ní ojú òun dá ṣáká, àti pé ọjọ́ tí ó bá wu òun ni òun yóò fi í sílẹ̀. Bí ó ti rí pẹ̀lú ẹlẹ́mu àti onígbó náà ni ó rí pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé gíga tí ó ń gbé tramadol mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò gùn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí bárakú mú la ẹnu rẹ̀ sọ pé apá òun kò ká a mọ́? Ṣé ìwà ọ̀lẹ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n sọ èrò kejì yìí di mímọ̀ jù lọ ní ayé òde òní kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀mùtí ni wọ́n. Bill Wilson jẹ́ oníṣòwò ìpín ìdókòwò ní New York. Ọtí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì ti gbé e dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1934. Dókítà William Silkworth tí ó tọ́jú rẹ̀ ti là á yé e pé àìsàn ni ohun tí ń ṣe é, pé ara rẹ̀ kò lè gba ọtí bí ti ẹlòmíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé Wilson lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, òwò náà sì forí ṣánpọ́n. Ó wá di òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ọtí wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí ń gbádùn ara wọn. Ìdí tẹlifóònù ni ó gbà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àlùfáà ìjọ, ó ń bèèrè bóyá wọ́n mọ ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀.

Báyìí ni ó ṣe bá Dókítà Robert Smith pàdé, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ẹ̀ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 péré ni Smith ní òun lè fún àlejò yìí, ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí mẹ́fà tí àwọn méjèèjì fi jókòó. Kì í ṣe pé Smith kò rí oníwàásù rí. Àlùfáà ti gbà á nímọ̀ràn, aya rẹ̀ ti sunkún, òun fúnra rẹ̀ sì mọ ohun tí ọtí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ ènìyàn ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí kò tíì rí ni ẹni tí yóò jókòó níwájú rẹ̀ kí ó máa sọ bí ọtí ṣe ṣẹ́gun òun, tí kò ní bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ tí Smith mu ọtí kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn náà sì ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1939, ìgbésẹ̀ 12 ni wọ́n kà sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí ènìyàn gbà pé òun kò ní agbára lórí ọtí, àti pé ìgbésí ayé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Tí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àgbà Yorùbá, yóò mi orí. Mo ti rí i kí ó mi orí. Ní ọdún 1994, àwọn ẹbí wa pe ìpàdé lórí àbúrò bàbá mi kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé láti ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń wá gbé iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi owó pákó oníbàárà mu ògógóró. Gbogbo ohun tí ẹbí máa ń sọ ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà: wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n rán an létí ọmọ ẹni tí ó jẹ́, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí aya rẹ̀ kó jáde. Nígbà tí ó kàn án láti sọ̀rọ̀, gbogbo wa ń retí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bí ó ti máa ń ṣe. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún purọ́ fún yín. Apá mi ò ká a mọ́.”

Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó dàgbà jù níbẹ̀ bú sí i: “Pa ẹnu rẹ dé! Ṣé o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ gégùn-ún fún ara rẹ ni?”

N kò lè dá àgbà yẹn lẹ́bi. Ohun tí ó sọ ní ìpìlẹ̀ nínú èrò Yorùbá. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ ní àṣẹ nínú. Bí a bá bi ẹni tí ara rẹ̀ kò yá pé báwo ni ara, yóò ní ara ń le, kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹni tí ó béèrè jẹ, ìlera ni ó ń fi ẹnu rẹ̀ pè. Tí ènìyàn bá wá dìde láàrin àwùjọ tí ó ní òun kò lè, ó dà bí ẹni pé ó fi èdìdì di ọ̀ràn ara rẹ̀. Òwe kan tún wà tí àgbà náà ì bá pa: ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni ni kíkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òwe náà dáadáa. Ó fi ṣe òtítọ́ pé ẹnu náà wà lómìnira. Níti ẹni tí bárakú mú, ẹnu tí ó yẹ kí ó kọ̀ náà ni ẹnu tí ń yán hànhàn. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti fi hàn pé ọtí tàbí oògùn tí ènìyàn ń lò lemọ́lemọ́ máa ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà ní àwọn ibi tí ìfẹ́ àti ìpinnu ti ń wá. Ohun èlò tí ẹni náà ì bá fi jagun ni ọ̀tá kọ́kọ́ gbà. Nítorí náà, tí a bá ní kí ó lo ìfẹ́ inú rẹ̀, kí ó ṣe bí ọkùnrin, a dà bí ẹni tí ó ń sọ fún arọ pé kí ó dìde kí ó sá lọ wá ẹsẹ̀.

Ní ti àfọ̀ṣẹ, mo fẹ́ fi iṣẹ́ tèmi dá sí i. ‘Apá mi kò ká a mọ́’ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ‘apá mi kò ní í ká a láéláé’. Èkejì ni èpè. Ìròyìn ni èkíní, ó sọ bí nǹkan ṣe rí lónìí. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ‘mọ́’, tún jẹ́rìí pé ìgbà kan wà tí apá ká a. Kí a sì tún rántí ibi tí a ti ń lo gbólóhùn yìí nínú ìgbésí ayé wa. Ẹni tí ẹrù wúwo fún, tí ó na apá yí i ká tí apá kò pàdé, ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí yóò rò pé ó fẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ sáàrin ọ̀nà. Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni pé ó ń pe ènìyàn. Nínú èdè yìí, ìpè ni àìlágbára tí a bá fi ẹnu sọ.

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn wà, àwọn tí ó ń bèèrè pé: bí kò bá ní agbára, agbára wo ni ó fi ń jáwọ́? Ẹni tí ó jìn sí kànga kò lè gun ògiri rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó lè ké. Igbe kì í ṣe gígun. Ẹni tí ó bá ń fi gbogbo èémí rẹ̀ gun ògiri tí ń yọ̀ kò ní ní èémí tí yóò fi ké.

Ó wá ku irú àìlágbára mìíràn tí ó pọ̀ láàrin wa, èyí tí mo kà sí ayédèrú. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí yẹn, kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ní àwọn ayé ni wọ́n wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé ojú ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní orí rẹ̀ ló gbé e wá, àyànmọ́ kò sì gbóògùn. Ara tu gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí a tún gbé gírámà wọlé. ‘Ayé ló ń ṣe mí.’ Ta ni ó wà nínú gbólóhùn yìí? Ayé wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Igò ń kọ́? Igò ti pòórá. ‘Orí mi ló gbé e wá.’ Igò kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní, ‘Apá mi kò ká ọtí mọ́’, òun àti ọtí ni ó kojú ara wọn, kò sí ẹni kẹta tí a lè lọ bá jà. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti gba ti ayé. Ẹbí lè ná owó tí ó tó ra ilẹ̀ lórí ètùtù tàbí lórí ìsọ́-òru, kí igò sì wà lábẹ́ ibùsùn síbẹ̀. N kò sọ pé ayé kò sí o, n kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ayé ti gbà pé òun kò lágbára láì jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Àwọn kan yóò ní àṣà òkèèrè ni ìjẹ́wọ́ yìí, pé Yorùbá kì í tú àṣírí àìlera. Ṣé wọ́n ti gbàgbé Ọbàtálá ni? Nínú ìtàn tí a ń sọ ní Ifẹ̀, Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán láti wá dá ilẹ̀. Ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ẹmu pa á, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Òrìṣà tí ó mọ́ jù, tí ó funfun jù, ni ìtàn yìí ń sọ nípa rẹ̀, àwọn olùsìn rẹ̀ gan-an kò sì fi í pamọ́. Ìtàn náà kò ní ọ̀tá fi oògùn sínú ẹmu. Ẹmu ni ó pa á.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe pàtàkì fún mi. Wọn kò ní kí òrìṣà àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa rọra mu ún, wọn kò ní ife kan péré. Ẹmu di èèwọ̀. Èèwọ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ìpinnu. Ẹni tí ó ṣe ìpinnu ní láti tún un ṣe láràárọ̀, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ti tán. Èèwọ̀ kò bèèrè agbára ojoojúmọ́. A ti parí ẹjọ́ rẹ̀ tipẹ́, ṣáájú ife kìíní. Kì í sì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó jọ ń pa á mọ́. Tí Wilson àti Smith bá gbọ́ èyí, mo rò pé wọn ì bá mọ̀ ọ́n ní ti ara wọn, nítorí ife kìíní ni àwọn náà ń sá fún, wọn kò sì dá a sá. A kò sì gba iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lọ́wọ́ Ọbàtálá nítorí pé ẹmu pa á. Aboyún ṣì ń gbàdúrà pé kí òrìṣà ya ọnà ire ko òun.

Ó ṣeni láàánú pé apá ibòmíràn ni lítíréṣọ̀ wa gbà. Ọ̀mùtí inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, tí a mọ̀ sí Lánkẹ́ lórí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá, la igbó àti ìlú àwọn òkú kọjá, ṣùgbọ́n adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni ó ń wá lọ. Mo fẹ́ràn ìwé náà, mo ti fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀ ó hàn pé ẹ̀rín ni a fi ń gba ọ̀mùtí lórí ìtàgé, ẹ̀rín náà ni a sì ń bá lọ sílé.

Kí a má sì jẹ́ kí ìjẹ́wọ́ di oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Ohun tí ènìyàn bá dárúkọ ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀ dé. Wilson kò mu ọtí mọ́ láti ọdún 1934, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú sìgá bọ̀rọ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì ni ó pa á ní ọdún 1971. Bákan náà, ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára gidi kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró láìsí oníṣègùn nítòsí, nítorí gìrì àti ìrànrán tí ó lè tẹ̀lé e máa ń pani. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé oògùn ilé ìwòsàn tàbí ọgbọ́n ara wọn ni wọ́n fi bọ́. Ẹgbẹ́ náà kò dá nìkan ní ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí Cochrane yẹ ìwádìí 27 wò ní ọdún 2020, tí àwọn tí ó kópa nínú wọn lé ní 10,000, wọ́n rí i pé ọ̀nà ẹgbẹ́ yìí kò kéré sí àwọn ìtọ́jú mìíràn, ó tilẹ̀ ta wọ́n yọ ní ti kí ènìyàn má mu rárá.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ Jean Kirkpatrick, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ọtí ti mú rí, tí ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Èrò rẹ̀ ni pé láti kékeré ni a ti ń sọ fún obìnrin pé kò lágbára, èwo ni ti pé kí ó tún wá jẹ́wọ́ rẹ̀? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kan ilé wa. Obìnrin tí ń fi kodín pa ìrora rẹ̀ nínú yàrá kò nílò ẹni tí yóò tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdáhùn tí mo lè fún un ni pé ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ tí ìgbésẹ̀ kìíní fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ‘mo’, ‘a’ ni. Bí ‘mo’ bá ń dá sọ pé òun kò lágbára, ó lè jẹ́ ìparun. Ó yàtọ̀ bí ‘a’ bá ń sọ ọ́, nítorí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ti sọ ọ́ rí, kò sì kú.

Ṣùgbọ́n níbo ni ‘a’ yìí wà fún ọmọ tiwa? Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNODC gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, wọn kò sì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Òfin tí ó dá NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí a bá ká òmíràn nínú àwọn oògùn náà mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó lò ó. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ níta lè bá ọlọ́pàá pàdé, èyí tí ó bá jẹ́wọ́ nílé, ìtìjú ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ ọ̀nà mìíràn rí: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò Àrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, àwọn abúlé àyíká ni àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé, ìbátan wọn a sì máa bá wọn gbé ibẹ̀. Wọn kò ní kí aláìsàn dá ru ẹrù rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kò rí irú ìyẹn. Ohun tí ó rí ni ìyá mi, tí ó ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí tí ògógóró máa ń pè é, àti awakọ̀ kan ní àdúgbò tí òun náà ti fi ọtí sílẹ̀ rí. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kìíní. Ó kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí ó jẹ ní owó pákó sára ògiri, ó ń fi ẹfun fa ìlà sí orúkọ ẹni tí ó bá ti san tirẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́rin kí ó tó fà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí ó rò pé ‘n kò lágbára’ jẹ́ ọ̀nà láti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè kò rí ògiri yẹn.

Òde àríyá ni ó ṣòro jù fún un. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe: ẹni tí ó bá ní òun kì í mu, a ó ní kí ó tọ́ ọ wò, a ó bi í bóyá àìsàn ń ṣe é, a ó ní kí ó má ba ayẹyẹ jẹ́. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé èèwọ̀ òun ni. Kò sí ẹni tí ó tún rọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹnìkan ni mo gbọ́ tí ó bi í léèrè níbi ìsìnkú kan pé èèwọ̀ òrìṣà wo. Ó ní, “Tèmi ni.” Wọ́n gbé Fanta fún un.